Ọmọ Sójà ní Ṣakí

Ọ̀rọ̀ kan ló tú àṣírí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ kíláàsì ní Ṣakí. Olùkọ́ ní kí n dìde kí n sọ orúkọ ìlú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Mo ní, "Sakí ni." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi wá pè é fún mi bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn. Ohun tí etí mi gbọ́ ni "Chakí," ó dún bí ìgbà tí nǹkan gbígbẹ bá ṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá àti ìyá mi, lẹ́nu tiwa, ọ̀kan náà ni s àti ṣ. Lẹ́nu àwọn ọmọ Òkè-Ògùn tí mo bá níbẹ̀, ṣ le ju bó ṣe le lẹ́nu ará Ọ̀yọ́ pàápàá lọ. Yorùbá ni gbogbo wa, Yorùbá la jọ ń sọ, síbẹ̀ n kò lè pe orúkọ ìlú tí mo ń gbé kí ọmọ onílùú má rẹ́rìn-ín.

Ọdún 1996 ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni mí. Kàdúná la ti ń bọ̀. Inú bárékè ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, láàárín àwọn ọmọ tó jẹ́ pé Haúsá la fi ń ṣeré, tí a sì ń fi pìjìn bú ara wa. Èdè inú yàrá ni Yorùbá, òun ni ìyá mi fi ń bá wa wí. Bàbá mi kì í ṣe ọ̀gá ńlá lẹ́nu iṣẹ́, sájẹ́ńtì ni. Ìwé kan dé pé kó máa lọ sí Ṣakí, wọ́n sì fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún mẹ́fà ni ìyá mi ti fi ń ta ẹ̀wà àti dòdò nínú mámì, ìyẹn ọjà inú bárékè. Ó mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́ láwìn tó sì ń san án, ó mọ ẹni tí kì í san. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ó gba èyí tó lè gbà, ó fi ìyókù jin àwọn tó jẹ ẹ́, ó ta ìkòkò rẹ̀ tó tóbi jù fún obìnrin ará Zaria tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó sì di ẹrù.

Ohun tí àwọn ará ìlú kì í rí lára ìdílé sójà nìyẹn. Wọ́n á ní ìjọba ló ń kó wa kiri. Bàbá mi ni ìjọba kó. Ìyá mi ló kó gbogbo ìyókù: ìkòkò, bẹ́ẹ̀dì, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìgboyà láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọjọ́ méjì la lò lójú ọ̀nà. A gba Mokwa, a sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà, a sùn ní Ìlọrin lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá mi kan. Lọ́jọ́ kejì, a la Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kọjá, a dé Ìsẹ́yìn. Láti Ìsẹ́yìn lọ, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́jú, koríko ń ga, òkè olókùúta ń yọrí níhìn-ín lọ́hùn-ún, igi òrí àti igi irú dúró káàkiri nínú oko. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màámi, ó jọ Kàdúná." Ìyá mi wo ìta pẹ́ títí. Ìbàdàn ló ti dàgbà, láàárín kòkó àti igbó dúdú, ó sì ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ibi tí koríko bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀ Yorùbá parí sí. Ó ní, "Ẹ ò rí i pé àwa náà ní irú ilẹ̀ báyìí."

Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n fún wa ní bárékè. Ẹnu ẹ̀rọ omi kan ló wà fún gbogbo ìlà ilé wa, ó sì máa ń gbẹ tí ọyẹ́ bá ti dé, kànga la ń lọ. Lápá òsì wa, obìnrin ará Òtúkpó kan ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Lápá ọ̀tún, ará Maiduguri ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ Haúsá ti délé níbẹ̀. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ìyá mi ti mọ ẹni tí wọ́n ń yá kẹrosíìnì lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí kò yẹ kí wọ́n yá a. Nínú bárékè, a ti wọlé. Ìlú ló kù.

Ọdún yẹn le fún aṣọ sójà nílẹ̀ Yorùbá. Ìdìbò June 12 tí ìjọba ológun fagi lé kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Abíọ́lá, ẹni tó borí nínú ìdìbò náà, wà látìmọ́lé. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996 yẹn gan-an ni wọ́n yìnbọn pa Kudirat ìyàwó rẹ̀ ní Èkó. Àwọn ará Ṣakí kò bú wa, wọn kò lé wa. Wọ́n kàn máa ń dákẹ́ ni. Ìyá mi á dé ìsọ̀ kan, àwọn obìnrin tó ń tàkúrọ̀sọ á panu mọ́. Wọ́n á kí i dáadáa, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá Sójà." Wọ́n á wọn ọjà fún un, wọ́n á gba owó, wọn kò ní rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n wọn kò ní fi ènì sí i.

Ènì yẹn ló dun ìyá mi jù. Ó máa ń sọ ọ́ lálẹ́, bó bá ń da ìrẹsì sínú agolo: "Wọ́n wọ̀n ọ́n pé. Wọ́n wọ̀n ọ́n pé pérépéré." Bàbá mi á ní ṣé kì í ṣe ohun tó dára ni. Kò yé e. Ẹni tó bá wọn ọjà pé pérépéré fún ọ, tí kò jan ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lórí, kò fẹ́ kí o padà wá.

Ọ̀dọ̀ Alhája ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Èlùbọ́ ló ń tà, nínú ọjà Ṣàngó, obìnrin gíga kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú igbá rẹ̀, ó fi ìka mẹ́ta bu èlùbọ́, ó fẹ́ ẹ wò lójú oòrùn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi díẹ̀ sórí ahọ́n. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Màmá. Èyí kò tíì gbẹ délẹ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́."

Alhája gbójú sókè. "Ta ló kọ́ ìyàwó sójà ní èlùbọ́?"

"Orítamẹ́rin ní Ìbàdàn ni ìyá tó bí ìyá mi ti tà á títí ó fi kú."

"Ta lo wá rò pé ó ń gbé e wá fún wọn ní Orítamẹ́rin?"

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí a ti dé ìlú náà, "ẹ" ni gbogbo ọjà ń pe ìyá mi, àti àgbà àti ọmọdé, ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi ń ti ènìyàn sẹ́yìn díẹ̀. Alhája ni ẹni àkọ́kọ́ tó pè é ní "ìwọ," bí àgbà ṣe ń pe ọmọ ilé. Ó gbé igbá tí wọ́n ṣàríwísí rẹ̀ sí ẹ̀yìn, ó ṣí àpò mìíràn, ó wọn kóńgò méjì, ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e. Ìyá mi kò sọ nǹkan kan títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ọjà. Ó wá ní kí n di àpò náà mú dáadáa.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Sátidé di ọjọ́ ilé Alhája. Àwa tí a ti ń jẹ àmàlà láti kékeré kò mọ bó ṣe ń di àmàlà. Àwọn obìnrin á jókòó yí òkìtì iṣu ká, wọ́n á máa bó o, wọ́n á máa gé e, ọ̀bẹ wọn kì í dúró. Wọ́n á dà á sínú ìkòkò omi gbígbóná lórí ààrò. Omi yẹn kò gbọdọ̀ hó. Alhája á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á sì tètè yọ ọ́. Bí kò bá lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ rárá, á fa igi iná kúrò. Iṣu tó bá sè kò wúlò mọ́, èyí tí iná kò sì ràn tó kò ní ní àwọ̀ tó dára. Á sun inú omi náà mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á rù ú lọ sórí àpáta, wọ́n á sá a. Àpáta pọ̀ ní Ṣakí, ńláńlá, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, oòrùn a sì máa mú un gbóná títí dé alẹ́. Iṣẹ́ àwa ọmọdé ni láti lé ewúrẹ́, láti yí iṣu, láti sáré kó o bí ojú ọ̀run bá dúdú. Nígbà ọyẹ́ kì í sí ìbẹ̀rù òjò. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti òkè ọya á fẹ́ sí i lọ́sàn-án lóru, iṣu á gbẹ, á le bí igi.

Orí àpáta yẹn ni ọmọ ọmọ Alhája ti kọ́ mi ní orúkọ ìlú wọn. Ó mú iṣu gbígbẹ kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì létí mi. Ó ní, "Gbọ́ ọ. Bó ṣe ń dún nìyẹn." Ó ní kí n fi ahọ́n ti òkè ẹnu mi pa, kí n tó tú u sílẹ̀. Mo ṣe é títí ahọ́n fi ro mí.

Kí ọdún náà tó parí, ìyá mi ti ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ Alhája ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ní ìsọ̀ ní Bódìjà. Awakọ̀ kan ní gáréèjì ló ń gbé àpò lọ, òun náà ló ń mú owó bọ̀, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá dúdú. Àpò kan ló kọ́kọ́ lọ. Lọ́dún kejì ó di àpò mẹ́rin lóṣù. Ní ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ṣakí ló ti bí àbúrò mi tó kéré jù, àwọn obìnrin ọjà ló sì pọ̀ jù níbi ìkómọ. Owó èlùbọ́ ló ra aṣọ tí gbogbo wa wọ̀.

Ọmọ àbúrò ìyá mi yẹn, ẹni tó dàgbà nínú ìsọ̀ Bódìjà, ló mú mi ronú kan gbogbo èyí láìpẹ́ yìí. Ọkọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ ológun òfúrufú Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé e kúrò ní Texas, wọ́n kó wọn lọ sí Lakenheath ní Suffolk, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí bàálù ogun Amẹ́ríkà ti ń balẹ̀ láti 1948. Ó ní bí wọ́n bá wà nínú bárékè, Amẹ́ríkà ni: dọ́là ni wọ́n ń ná, ìwé Amẹ́ríkà ni àwọn ọmọ ń kà, oúnjẹ Amẹ́ríkà ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá jáde ní géètì, apá òsì ni wọ́n ń wa mọ́tò, iná ilé tí wọ́n ń gbé sì lágbára tó ìlọ́po méjì ti Texas, ó jó ẹ̀rọ ìlọta tí ó gbé wá láti ilé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ohun tó sunkún sí ìyá mi létí lórí fóònù kì í ṣe ìyẹn. Ó ní, "Màmá, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Kí ló dé tí mo ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta?"

Ìyá mi bi í pé, "Ta ló ń ta ẹyin fún ọ?"

Ó ní ṣọ́ọ̀bù inú bárékè ni. Ìyá mi ní, "Jáde."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló tún pè. Ó ní òun ti rí ẹyin lẹ́bàá ọ̀nà abúlé kan, wọ́n kó o sórí tábìlì kékeré níwájú ilé, àpótí owó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹnu ya ọmọ náà. Ẹnu kò ya ìyá mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń tajà lójú ọ̀nà oko láyé àwọn ìyá ìyá òun, tí wọ́n á gbé ọjà sílẹ̀, tí wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ ka iye owó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tó bá rà á á fi owó síbẹ̀. Ó ní kó lọ kan ilẹ̀kùn ilé náà kó dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé. Bí mo ṣe gbọ́, ó lọ.

Ní 1998, nígbà tí a ṣì wà ní Ṣakí, wọ́n kó bàbá mi lọ sí Sierra Leone pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú oṣù Kejì ọdún náà, àwọn ọmọ ogun wa ti lé àwọn afipágbàjọba kúrò ní Freetown, Ààrẹ Kabbah sì padà sílé ní oṣù Kẹta. Ohun tí àwọn tó ń lọ ń sọ ni pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lẹ́tà méjì la rí gbà. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọwọ́ irú àwa nígbà náà. Rédíò obìnrin ará Maiduguri ni gbogbo wa ń gbọ́, BBC tí wọ́n ń fi Haúsá sọ, lálẹ́, ní gbangba iwájú ilé. Àwọn obìnrin tí kò gbọ́ Haúsá á jókòó ti àwa ọmọ tó wá láti Kàdúná, a ó máa tú u fún wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo ń sọ ìròyìn ogun fún ìyá ẹni.

Lọ́jọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1999, rédíò ní àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti wọ Freetown. Mo tú ìyẹn náà.

Ìyá mi kò jẹun lọ́jọ́ yẹn, kò jẹun lọ́jọ́ kejì. Kò lọ sọ́jà. Oṣù Ààwẹ̀ ni. Alhája ń retí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, lọ́jọ́ kẹrin ó dé géètì bárékè. Obìnrin yìí kò wá sọ́dọ̀ wa rí. Ó ti sọ fún ìyá mi tipẹ́ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilẹ̀ sójà láéláé. Sójà tó wà lẹ́nu géètì bi í pé ta ló ń wá. Ó ní Ìyá Sójà. Sójà náà ní kò sí obìnrin kan nínú ibí tí kì í ṣe ìyá sójà tàbí ìyàwó sójà, kí ni orúkọ rẹ̀? Alhája kò mọ̀ ọ́n. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò. Ó dúró síbẹ̀ nínú ọyẹ́, pẹ̀lú abọ́ tó fi aṣọ bò, títí ẹ̀gbọ́n mi tó ń bọ̀ láti kànga fi rí i.

Ilẹ̀ pálọ̀ wa ló jókòó sí. Ó ṣínu lọ́dọ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, omi àti dàbínù, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà inú abọ́ rẹ̀. Ó ti ṣíbí bọ ẹ̀kọ, ó nà án sí ìyá mi, ó ní òun kò ní gbé tòun mì àfi bó bá gbé tirẹ̀ mì. Ìyá mi gbé e mì. Alhája wá bi í léèrè orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ìyá mi sọ ọ́ fún un, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì láti rí i pé ó dúró lẹ́nu òun. Àwọn ará Ṣakí, ọmọ Asabari, a máa sọ pé ogun ò jà Ṣakí. Orí òkè Asabari yẹn ni wọ́n ní àwọn baba wọn ń sá sí nígbà ogun. Alhája ní láti ìgbà tí bàbá wa ti jẹ iyán ìlú náà ló ti di ọmọ Asabari, ogun kò sì ní jà á. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń tu ènìyàn nínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń rán nǹkan létí àdéhùn. Ojoojúmọ́ ló ń wá ṣínu lọ́dọ̀ wa títí oṣù fi lé, sójà ẹnu géètì kò sì bi í ní nǹkan kan mọ́.

Bí ọkọ̀ àwọn ọ̀gá bá wọ àgbègbè ilé wa láìròtẹ́lẹ̀ lọ́dún yẹn, gbogbo obìnrin á jáde dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n á máa wo ilé tí yóò dúró sí. Ní ọjọ́ kan ó rọra kọjá iwájú ilé wa, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níwájú ilé obìnrin ará Òtúkpó.

Ilé ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ilé bárékè. Bí ọkọ bá lọ, ilé náà lọ. Ilé Alhája ni obìnrin náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta gbé fún oṣù méjì, kí àwọn ẹbí rẹ̀ tó wá mú wọn. Kò gbọ́ Yorùbá, Alhája kò gbọ́ Haúsá tàbí pìjìn. Ọmọ ilẹ̀ iṣu ni àwọn méjèèjì. Ó ń bó iṣu pẹ̀lú wọn láti òwúrọ̀, ọ̀bẹ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wọn lọ.

Bàbá mi dé nígbà tí 1999 ń parí lọ. Ó rù, ó sì dákẹ́. Ó máa ń jí lóru, á lọ jókòó síta. Ìyá mi kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ní Sátidé kan ó ní kó bá wa ká lọ sílé Alhája, ó tẹ̀ lé wa láìsọ̀rọ̀. Ó jókòó sórí àpáta láàárín iṣu tí wọ́n sá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, ègé kan lẹ́yìn èkejì, apá tó funfun sísàlẹ̀, apá tó tutù sókè. Ó yí gbogbo ti orí àpáta náà tán, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ó tó. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó sùn síbẹ̀, lórí àpáta tó ṣì gbóná. Alhája ní kí ẹnikẹ́ni má jí i, ó sì fi ìborùn rẹ̀ bò ó lẹ́sẹ̀.

Ní 2002 wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn, sí bárékè tó wà lápá Òjòó. Gbogbo ẹbí ní a ti dé ilé wàyí. Ìyá mi gba ìsọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀ ní Bódìjà, Alhája ń kó èlùbọ́ ránṣẹ́ sí i. Èmi wọ ilé-ẹ̀kọ́ tuntun. Olùkọ́ ní kí n dìde, kí n sọ ibi tí mo ti wá. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mo gba ọjà lọ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ parí, mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà kan lọ́wọ́, obìnrin tí kò rí rí. Ó gbọ́ mi títí. Ó ní kí n tún un pè. Mo pè é. Ó mi orí, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á lé kóńgò obìnrin náà.